Ọkọ̀ Tó Ti Dàgbà: Ìfiwéra Àtúnṣe Ọwọ́ Ara Ẹni, Mẹkáníìkì Àdúgbò àti Gáréèjì Oní-kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ọlá-Ìyá ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó sì ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí ìhà Òkè-Fìà, yóò tètè rí i pé ọkọ̀ tuntun kò wọ́pọ̀ láàrin wọn. Corolla ọdún 2003 sí 2008, Camry tí àwọn ènìyàn ń pè ní Pencil Light àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, Golf tó ti ṣe takisí títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá, àti Primera tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye ọwọ́ tó ti gbà kọjá, ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ọkọ̀ tó bá ti sún mọ́ ogún ọdún kì í ní àìsàn kan ṣoṣo. Bí ti òní bá lọ, ti ọ̀la ń bọ̀ lọ́nà. Ìbéèrè tó wà níwájú ẹni tó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ta ni yóò máa tún un ṣe: ṣé òun fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú sípánà nínú ọgbà ilé, ṣé mẹkáníìkì àdúgbò tó ti mọ ọkọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́ ni, àbí gáréèjì tó ní ẹ̀rọ ìwádìí ńlá, tí owó rẹ̀ sì máa ń ga?

Mo ti gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ti náwó lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pín iṣẹ́ ọkọ̀ sí èyí tó rọrùn àti èyí tó le. Wọ́n á ṣe èyí tó rọrùn fúnra wọn, wọ́n á sì gbé èyí tó le fún mẹkáníìkì. Èmi kò gbà pé òṣùwọ̀n yẹn tọ́. Iṣẹ́ kan lè rọrùn, kí àṣìṣe inú rẹ̀ sì pa ènìyàn. Òmíràn lè dà bí ohun tó le, kí àṣìṣe inú rẹ̀ má ju pé kí ọkọ̀ kọ̀ láti sítáàtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé, bí mo bá ṣi iṣẹ́ yìí ṣe, níbo ni àṣìṣe náà yóò ti bá mi: nínú ọgbà ilé ni, àbí lórí ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Iléṣà nígbà tí tírélà wà lẹ́yìn mi? Ohun kejì ni pé mímọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ àti títún un ṣe kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí kò ní fọwọ́ kan sípánà láéláé ṣì lè di àyẹ̀wò mú fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ wa jù.

Àyẹ̀wò: ibi tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, Corolla mi ti ọdún 2004 bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá dúró nínú gó-sílóò, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń gun Òkè-Báálẹ̀, ọkọ̀ náà á rọ jọ́kọ́jọ́kọ́, iná ẹ́ńjìnì orí dáṣíbọ́ọ̀dù á sì máa ṣẹ́jú. Iná yẹn kì í ṣẹ́jú lásán: bó bá tàn láìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ náà lè dúró di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n bó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ń ṣàn wọ inú sàlẹ́ńsà lọ, ó sì lè sun kátálísì tó ń fọ èéfín níbẹ̀.

Mẹkáníìkì tí mò ń lò nígbà náà tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì náà, ó ní púlọ́ọ̀gì ni. A ra mẹ́rin, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó ní pọ́ǹpù epo ni. A pààrọ̀ ìyẹn náà. Nígbà kẹta, ó wò mí tàánútàánú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo tí à ń rà yìí ló ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fọ injẹ́tọ̀.” Mo sanwó ìyẹn pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jà mí lólè, torí kò sí èyí tó sọ nínú wọn tí kò lè mú kí ọkọ̀ gbọ̀n. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá Ifá láìsí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́, èmi sì ni mò ń san owó ẹbọ.

Olùkọ́ kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ló mú ẹ̀rọ ìwádìí kékeré rẹ̀ wá, èyí tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ó tì í bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, ó fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù rẹ̀, kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo sì jáde: P0302. Nọ́ḿbà tó gbẹ̀yìn nínú irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ sílíńdà, ìyẹn ihò inú ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó, tí iná kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà, sílíńdà kejì ni. Kọ́ọ̀dù náà kò sọ ohun tó fà á. A dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, a yọ kọ́kọ́rọ́, a ṣí ìbòrí ike tó wà lórí ẹ́ńjìnì, a sì ka kọ́ìlì, ìyẹn àwọn ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, láti ìhà tí bẹ́líìtì wà. Mo fi sípánà 10 tú bóòtù kékeré tó di kọ́ìlì kejì mú, mo tẹ etí ike wáyà rẹ̀, mo sì rọra yí i bí ẹni tó ń yọ ìdérí ìgò títí ó fi fò jáde. Lára rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, bí ilà tí a fi pẹ́ńsù fà, níbi tí iná ti ń sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Mo gbé kọ́ìlì yìí sí ipò kẹta, mo gbé ti ipò kẹta sí ipò kejì, olùkọ́ náà pa kọ́ọ̀dù rẹ́, a sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Òkè-Báálẹ̀, a padà. Kọ́ọ̀dù tó tún jáde ni P0303. Àìsàn náà ti bá kọ́ìlì kó lọ sí ilé tuntun. Gbogbo rẹ̀ kò gba wákàtí kan, a kò sì tíì ra ohunkóhun.

Bí a bá gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò, ẹni tó ni ọkọ̀ ní ohun kan tí àwọn méjì yòókù kò ní, èyí ni àkókò: òun nìkan ló lè pààrọ̀ ipò nǹkan méjì, kó wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, kó sì tún wò ó. Mẹkáníìkì àdúgbò ní etí àti ìrírí, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ariwo bẹ́ríìnì táyà bí etí ọ̀gá tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ iná àti sẹ́ńsọ̀, etí kò ràn án lọ́wọ́. Gáréèjì oní-kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ tó ń wo ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì), erbáàgì àti jíà pẹ̀lú, èyí tí ẹ̀rọ kékeré wa kì í sábà rí. Ibẹ̀ ni mo máa ń lọ bí iná ABS bá tàn tàbí bí jíà ọ̀tọ́mátíìkì bá ń fi gìdì wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì kí ẹ tó ra ẹ̀rọ náà. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló mú kí ìlànà OBD-II, èyí tí ẹ̀rọ kékeré yìí ń lò láti bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, wà nínú ọkọ̀ wọn láti ọdún 1996, ní ilẹ̀ Yúróòpù sì rèé, ọdún 2001 ni fún ọkọ̀ oní-bẹntiróòlù. Golf 3 tó ti Jámánì wá lè má dá ẹ̀rọ kékeré yín lóhùn rárá, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Èkejì ni pé kọ́ọ̀dù kì í pàṣẹ pé kí ẹ ra nǹkan kan. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún iye epo tó wà nínú ohun tí ẹ́ńjìnì ń jó. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tó là lè fà á, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí lè fà á, pọ́ǹpù tó ti rẹ̀ náà lè fà á. Mo ti rí ẹni tó ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méjì nítorí kọ́ọ̀dù yìí, tó sì jẹ́ pé rọ́bà kan tó là ló yẹ kó pààrọ̀.

Iná, bátìrì àti àwọn ríwáyà

Níhìn-ín, mítà iná kékeré tó ń ka fọ́ọ́tì (volt) ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ wọn bátìrì ní òwúrọ̀ kí ẹ tó sítáàtì: bó bá fún yín ní 12.6, ó kún. Bó bá sún mọ́ 12.2, ó ti lọ sí ìdajì. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Nọ́ḿbà náà gbọ́dọ̀ gòkè sí bíi 13.7 sí 14.7. Bó bá dúró sórí 12 tó sì ń lọ sílẹ̀, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì, kò ṣiṣẹ́, bátìrì tuntun kò sì ní gbà yín; ẹ óò kàn jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ méjì. Bí fọ́ọ́tì bá pé, tó sì jẹ́ pé “kọ́” kan ṣoṣo ni ẹ̀ ń gbọ́ bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ wo orí bátìrì kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan kíìkì-sítátà. Ìyẹ̀fun funfun àti aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀ ń dí iná lọ́nà. Omi gbígbóná díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ máa ń kó o kúrò, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ tó ní àmì àyọkúrò.

Ríwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, dára ju yín lọ nínú títú ọ́tánétọ̀ láti pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, ó sì dára ju gáréèjì ńlá lọ nítorí pé yóò tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, nígbà tí gáréèjì ńlá á ní kí ẹ ra odindi. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn láti gé wáyà, kí wọ́n sì so ó tààrà, débi pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù á dà bí ìtẹ́ ẹ̀gà. Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe: kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, láti fi dán ọ́tánétọ̀ wò. Nínú Peugeot 504 àtijọ́, kò burú púpọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, iná tó bá ru sókè lójijì lè jó o, owó brain box sì ju ti ọ́tánétọ̀ tí wọ́n ń dán wò lọ.

Ọkọ̀ tó ń gbóná

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti máa ń bá àwọn mẹkáníìkì wa jà jù. Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yọ tàmọ́sítáàtì, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Tàmọ́sítáàtì inú ọ̀pọ̀ Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Selsiọsi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó bó ṣe yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kì í tètè gbóná tó, brain box á máa rò pé òwúrọ̀ ni, á sì máa tú epo sí i. Ẹni tó ń ṣàròyé pé ọkọ̀ òun ń mu epo, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá tàmọ́sítáàtì ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ lè ṣe níhìn-ín pọ̀, ó sì kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnì tó mọ iná, ẹ ṣí rádíétọ̀ wò. Omi gbọ́dọ̀ kún dé ọrùn. Ẹ wo rọ́bà tó wà lára ìdérí rẹ̀, nítorí ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí ó má bàa tètè hó ní 100, bí rọ́bà rẹ̀ bá sì ti gbó, omi á máa sá jáde sínú ike rẹ̀. Ẹ tan éè-sì, kí ẹ sì wò bóyá fáànù ń yí. Ẹ lo omi tútù aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rádíétọ̀, kí ẹ fi omi kànga àti omi bohóòlù sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Èròjà inú omi wa máa ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn ojú ihò rádíétọ̀ tíntìntín. Kò sì sí ìdí kankan lábẹ́ ọ̀run tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí náà nígbà tí ọkọ̀ gbóná.

Níbi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dúró ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ kí omi àti ọ́ìlì má bàa dà pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ́ìlì ti dà bí tíì oní-mílíìkì, tàbí pé omi ń hó bùkẹ̀-bùkẹ̀ nínú rádíétọ̀ kété tí ẹ sítáàtì, tàbí pé èéfín funfun ń jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ pa ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á lọ. Láàrin mẹkáníìkì àdúgbò àti gáréèjì ńlá, ẹni tó lè fi irin tó gún régé wo ojú ẹ́ńjìnì bóyá ó ti wọ́, tó sì ní sípánà tó ń wọn agbára ìdè bóòtù, ni kí ẹ yàn, níbikíbi tó bá wà. Mo mọ ọ̀gá kan tó ní irú sípánà yẹn lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ti rí gáréèjì tó ní ṣẹ́ẹ̀dì ńlá tí kò ní in.

Ọ́ìlì

Ẹ ṣe é fúnra yín. Corolla oní-1.8 ìgbà yẹn ń gba nǹkan bí lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Ẹ gbé ọkọ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Ẹ má da kọ́ńdẹ́ḿ, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ tí ẹ tú jáde, sínú gọ́tà, nítorí inú odò Ọ̀ṣun ló ń lọ. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù yóò gbà á lọ́wọ́ yín láti fi pa mọ́ọ̀dù wọn. Bí ẹ kò bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ ra ọ́ìlì fúnra yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì dúró ti ọmọ iṣẹ́ tó ń dà á.

Bíréèkì, tàmín àti ohun tí àṣìṣe rẹ̀ máa ń bá ènìyàn lójú ọ̀nà

Bíréèkì ni iṣẹ́ tó rọrùn tí mo sọ lókè. Pípààrọ̀ páàdì iwájú kò le ju pípààrọ̀ táyà lọ fún ẹni tó ti rí i ṣe, fídíò rẹ̀ sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, bí atẹ́gùn bá kù nínú páìpù tàbí bí bóòtù kan kò bá mú dáadáa, ilé kọ́ ni ẹ óò ti mọ̀. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ máa wò ó fúnra yín, kí ẹ sì sanwó fún ẹni tó ń ṣe é: ẹ yọ táyà, ẹ wo sísanra páàdì, bó bá kù bíi mìlímítà mẹ́ta, àsìkò ti tó. Ẹ wo omi bíréèkì. Bó bá ti dúdú bí ọbẹ̀ àná, ó ti gbó, ó sì lè ti fa omi afẹ́fẹ́ mu, kó sì hó lórí ìdagẹ̀rẹ̀ gígùn. Ẹ bá mẹkáníìkì ṣe é ní ìgbà méjì pẹ̀lú ọwọ́ tiyín nínú rẹ̀, kí ẹ tó dá a ṣe ní ìgbà kẹta.

Ní ti tàmín, ìyẹn bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó ń mú kí àwọn ohun inú ẹ́ńjìnì yí pa pọ̀ ní àsìkò, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín. Corolla yẹn ní ṣéènì, kò ní bẹ́líìtì tàmín tí à ń pààrọ̀. Camry Pencil Light oní-2.2 ní bẹ́líìtì, ẹni tó bá sì ra tirẹ̀ láì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, kó kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì tó mọ ilé Toyota dunjú ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí.

Ojúlówó, Bẹ́ljíọ̀mù, àbí tuntun olówó pọ́ọ́kú

Àyẹ̀wò tó péye lè tún ja sí òfo níbi ìtajà. Ojúlówó tuntun wọ́n, a sì ń fi páálí tó jọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́ ta ayédèrú. Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti òkè òkun wá, jẹ́ ojúlówó tó ti lo àkókò díẹ̀ nínú ayé rẹ̀. Tuntun olówó pọ́ọ́kú ń dán, ó sì wà ní gbogbo ìsọ̀.

Fún kọ́ìlì, sẹ́ńsọ̀, ọ́tánétọ̀ àti kíìkì-sítátà, Bẹ́ljíọ̀mù ni mo máa ń yàn ṣíwájú tuntun olówó pọ́ọ́kú, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń tà á bá lè jẹ́ kí n dán an wò, kó sì gbà á padà. Fún ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà, ohunkóhun tó ń yí pẹ̀lú omi, àti ohunkóhun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, mi ò ra àlòkù: bẹ́líìtì, wọ́tà-pọ́ǹpù, páàdì. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ḿbà ara rẹ̀ wé tuntun. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí Corolla ọdún kan náà lè yàtọ̀ láti Amẹ́ríkà sí Yúróòpù. Ohun tí Òṣogbo kò bá ní, Gate ní Ìbàdàn máa ń ní in, Ládípọ̀ ní Muṣin náà sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àti ọjọ́ kan tí ẹ óò fi lọ, kí ẹ tó sọ pé ibẹ̀ dínwó.

Kọ́ìlì tí mo rà nígbà náà, Bẹ́ljíọ̀mù ni, ó sì ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Mi ò fi mẹkáníìkì náà sílẹ̀. Mo fi P0303 yẹn hàn án lórí fóònù, mo sì fi ilà dúdú ara rọ́bà náà hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà díẹ̀, ó fi èékánná fà á. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá a nítorí ariwo kan tó ń dún kọ́ọ́-kọ́ọ́ nínú ẹsẹ̀ iwájú bí mo bá bọ́ sínú kòtò. Iná ẹ́ńjìnì sì tàn pẹ̀lú, mi ò tíì sọ ìyẹn. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó nu ọwọ́ sára sòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni kọ́ọ̀dù wí?”